Ọdún Tí Baálé Wa Di Àlejò

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ilé ńlá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe olórí níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi ni baálé. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, òun ni wọ́n ń gbé obì wá bá, òun náà ló sì ń lu agogo àdúrà láàárọ̀, tí gbogbo wa á fi ojú oorun jókòó sórí ẹní bí adìyẹ tí òjò pa. Yèyé, ìyàwó rẹ̀, kò ní orúkọ oyè kankan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń wọ inú ìkòkò tàbí tó ń jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni Dádì Adó, àkọ́bí wọn tí Yèyé ń pè ní Délé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Adó. Òun ló fi páànù tuntun bo ilé náà, ó sì ń wá ní Sátidé láti wá wo páànù rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ariwo orí ilé kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa, Yèyé á ní, "Ẹ dákẹ́ o, Délé ń sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ń pa Bàbá lẹ́rìn-ín débi pé á máa nu ojú.

Tíṣà ni bàbá mi tèmi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjọba gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Òde-Èkìtì, ìyá mi sì bá a lọ. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Yèyé kí n má baà pààrọ̀ ilé-ìwé láàrin ọdún. N kò sunkún. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ Yèyé rí mọ ìdí rẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń jí, lẹ́yìn náà Bàbá á wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, ikọ́ tí kò ní àìsàn nínú, ikọ́ baálé lásán, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ó ti jí. Rédíò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ á dá a lóhùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, odó ló ń jọba. Odó tiwa àti odó ilé kejì á máa dáhùn ara wọn, bí tiwọn bá sì dákẹ́ jù, Yèyé á ní kí n sáré lọ wò ó bóyá ara wọn le. Orí òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé la ń sá èlùbọ́ sí. Iṣẹ́ tèmi ni láti lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, láti gbá ojúde, láti fọ odó, kí n sì gbé oúnjẹ Bàbá lọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan tirẹ̀.

Èmi rò pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ fún ni yóò yó jù. Àwo Bàbá ló kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó jẹun dé ìdajì, á ti pè mí, á ti pe àwọn ọmọ ilé kejì, á máa já ẹran lé wa lọ́wọ́ títí tí yóò fi ku eegun. Bí ẹnikẹ́ni bá kìlọ̀ fún un, á ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bí àlejò bá dé, àga rẹ̀ ló ń dìde fún un, òun á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo bi Yèyé lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ní àga àfi baálé. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá ni ulé kì í du àga." Mo rò pé ó ń bá ẹ̀gúsí wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú, mo sì ń jẹ́ ẹ, nítorí wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í jiyàn pẹ̀lú àgbà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí oko kòkó rẹ̀, ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré, ará àdúgbò kan sì fi alùpùpù gbé e padà wá láti ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó jáde láti yàrá rẹ̀, ó ti wọ agbádá, ó dé fìlà, agboòrùn wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ fi bàtà ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ulé o. Ìsí ni olulé yìí? Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó máa lọ sí ulé mi."

Baálé ń béèrè ẹni tó ni ilé! Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, nítorí baba eléré ni. Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgbálẹ̀ dání, ó ń wo ọkọ rẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀. Ẹ jókòó, uṣu ti wà lórí iná. A kì í jẹ́ kí àlejò lọ nígbà tí ìkòkò bá wà lórí iná."

Bàbá wo òde, ó wo Yèyé. Ó mọ àṣà. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. N kò ní pẹ́ jù." Ó sì jókòó, kì í ṣe sórí àga rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni. Ìgbà tó jẹun tán, oorun gbé e, ìgbà tó jí, ó ti gbàgbé pé òun ń lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé baálé wa ló jí, á lu agogo, á gbàdúrà, á bá mi wí nítorí èlùbọ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn, àlejò ló jí. Yèyé á kọ́kọ́ tẹ́tí sí ìkíni rẹ̀ láàárọ̀ kó lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ àlejò ni, á bu omi tútù sínú ife, á kí i kú ìrìn, á gbé àwo tánńganran olódòdó jáde, èyí tí a ń tọ́jú de pásítọ̀. Èmi fẹ́ràn ọjọ́ àlejò nítorí ẹran máa ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá tó ti gbàgbé orúkọ mi kò gbàgbé ìwà rẹ̀. Á jẹun díẹ̀, á wò yíká, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fún ọmọ olulé lẹ́ran?" Yèyé á ní kò burú. Á tún máa yin ọbẹ̀. Ó ní òun kò jẹ irú ọbẹ̀ yìí rí, pé ọkọ obìnrin yìí mà ṣoríire o. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, Yèyé sáré wọ ilé ìdáná, mo sì bá a níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé ọkọ mi, kò yin ọbẹ̀ mi rí, á kàn jẹ ẹ́ tán ni. Àlejò rẹ̀ yìí ló wá ń yìn ín."

Dádì Adó kò fara mọ́ ọn. Ó dé ní Sátidé kan, ó bá Bàbá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọmọ rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ti mọ́ ọn lára, ó rò pé bí a bá ti ṣàlàyé nǹkan dáadáa, ó ti yanjú. Ó fa Bàbá lọ́wọ́ yípo ilé. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ulé yìí. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga yìí. Ẹ̀yin ni baálé. Ẹ rántí." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Bàbá tú agbádá rẹ̀ wò, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì fún ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. N kò mú nǹkan yín."

Mo wà lórí òkúta níbi tí mo ti ń lé ewúrẹ́. Gbogbo nǹkan tí mo ti gbàgbé láti ọdún yẹn wá, n kò gbàgbé ọwọ́ tó tẹ́ yẹn. Yèyé jáde wá, ó gba Bàbá lọ́wọ́ Dádì Adó jẹ́jẹ́, ó mú un lọ jókòó, ó fún un lómi. Nígbà tó padà, ó bá ọmọ rẹ̀ tó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó ń sunkún. Ó ní, "Délé, o kò lè fi àríyànjiyàn dá a padà. Àlejò là ń tọ́jú. A kì í bá a ṣe ẹjọ́ ulé."

Mo ti di ìyá àgbà báyìí, mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi orúkọ tí a fi ń pe ẹni tó wà níwájú. Nínú ìjọ wa lónìí, alága wà, adarí wà, olùdarí àwọn adarí náà wà, mo sì ń retí ọjọ́ tí a ó yan ẹni tí wọn yóò máa darí. Ní ilé-ìwé, ọ̀gá ni. Nínú òṣèlú, aṣáájú ni, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló ń sá sí. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń sọ nípa ẹni tó dúró sí iwájú tàbí ẹni tó jókòó sókè, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ilé ni wọ́n fi ń pe baálé, ilé náà ni wọ́n fi ń pe onílé tó ń gba àlejò. Bóyá àwọn àgbà tó fún wa ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni. Mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Adó nísinsìnyí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Mà, kí lẹ fẹ́ jẹ?" mo ń mọ̀ ọ́n lára, inú mi ń dùn, ìbẹ̀rù díẹ̀ náà sì ń bá ìdùnnú ọ̀hún rìn. N kò tíì bi í pé ta ló ni ilé. Àmọ́ mo ti ń fi bàtà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún yẹn, ká sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí Fúnkẹ́ tí n kò tíì dárúkọ, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ ọdún náà dà lé lórí. Àbúrò Bàbá ló bí i, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń rìn. Bàbá ló gbà á tọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi ń pọ̀n ọ́n lọ sí oko, tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun sì ń dáhùn pé ẹ̀yìn òun kò mọ̀ bóyá kòkó ni tàbí ọmọ. Àǹtí Fúnkẹ́ di tíṣà ní Èmùré, ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin kan ará Igbara-Odò, tíṣà bíi tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú ilé ń dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ń wo ẹ̀yìn. Ní ìdílé wa, baálé ló ń fọwọ́ kan obì àwọn àna kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu baálé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, "A ti fún yín," sì ti ń jáde. Obìnrin kì í sọ ọ́. Ọmọ kì í sọ ọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè, nítorí wọ́n á ní ó ti sin ín lóòyẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wa mọ̀ pé àwọn ará Igbara-Odò á wádìí, bí ẹnikẹ́ni ṣe ń wádìí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ fẹ́yàwó. Bí wọ́n bá rí baálé tó ń béèrè ẹni tó ni ilé, wọ́n lè ní àìsàn orí ń bẹ nínú ìran wa, kí wọ́n sì dìde pẹ̀lú obì wọn.

Ìyẹn ni Dádì Adó fi pe ìpàdé. Òun, Yèyé àti Àǹtí Fúnkẹ́ ló jókòó, èmi náà wà níbẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó rántí lé mi. Ó ní ká gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ní Ìsẹ̀ lọ́jọ́ náà, ká sọ fún àwọn àna pé ó rin ìrìn-àjò, pé ó ti fún òun láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ baálé. Ọmọ yìí ni n kò fẹ́ kí wọ́n kọ̀ sílẹ̀."

Àǹtí Fúnkẹ́ jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa kọ̀ mí nítorí Bàbá, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń kọ̀. Bí Bàbá ò bá sí ní pálọ̀, èmi náà ò ní jáde."

"Tó bá wá bi wọ́n pé ìsí ni olulé ńkọ́?"

"Kí wọ́n dá a lóhùn."

Dádì Adó wo ìyá rẹ̀. Yèyé ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé kú, ilé dahoro. Àmọ́ baálé tiwa kò tíì kú, òun kò sì ní fi ọwọ́ ara òun dá ahoro sílẹ̀. Ó ní kí Délé jókòó ti bàbá rẹ̀, kó máa sọ ohun tó kàn sí i létí, kí gbogbo wa sì máa gbàdúrà pé kó jẹ́ baálé ló máa jí láàárọ̀ ọjọ́ náà. A gbàdúrà o. Èmi tilẹ̀ fi ààwẹ̀ kún un títí tí ìyá ilé kejì fi dín àkàrà.

Àlejò ló jí. Mo gbọ́ ọ láti orí ẹní mi, "Ẹ kú ulé o," mo sì rí èjìká Yèyé tó sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ ó bu omi fún un, ó kí i kú ìrìn, ó wọ̀ ọ́ ní agbádá tó dára jù. Ó ní, "Bàbá, a ní àlejò míì lónìí. Ẹ má lọ o, ẹ bá wa gbà wọ́n." Bàbá ní kò burú, pé ẹni tí wọ́n bọ́ kì í sá fún iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn ará Igbara-Odò dé, wọ́n pọ̀ díẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Bàbá arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi ọ̀pá rìn, ló ṣáájú wọn. Ọkọ ìyàwó wà láàrin wọn, òógùn bò ó. Wọ́n jókòó sí apá kan pálọ̀, tiwa sì wà ní apá kejì. Àga Bàbá wà láàrin tiwa, Dádì Adó jókòó tì í. Èmi àti àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó yà wá sọ́tọ̀, ọwọ́ Àǹtí Fúnkẹ́ wà nínú ọwọ́ mi, ó sì tutù. Bàbá jáde láti yàrá rẹ̀. Ó dúró, ó wo apá kan, ó wo apá kejì. Ó rí àwọn tó wọ agbádá, tí wọ́n tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún, tí wọ́n ń wo ilẹ̀ onílẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Ó dá wọn mọ̀. Ó kọjá níwájú àga tirẹ̀, ó lọ jókòó láàrin wọn.

Inú àwọn àna dùn. Wọ́n rò pé iyì ńlá ni ìdílé wa fi kí wọn. Ojú Dádì Adó ti di eérú. Ìyàwó rẹ̀ gbé obì àwọn àna wọlé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwo níwájú àga tó ṣófo, kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà. Bàbá rí i pé nǹkan há, ó sì jẹ́ ẹni tí kò lè jókòó kí ojú máa ti ènìyàn. Ó tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin olulé, a kí yín." Àwọn ará Igbara-Odò wo ara wọn. "Àlejò ni gbogbo wa níhìn-ín. Èmi ò mọ àwọn yòókù dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti ń wá sí ulé yìí, ó ti pẹ́. N kì í rántí ọ̀nà tí mo gbà dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lójoojúmọ́ tí mo bá dé, obìnrin kan ń fún mi lómi, kì í bi mí pé ọmọ ta ni ọ́, kì í bi mí pé ìgbà wo lo ń lọ. Bí mo bá fẹ́ lọ, á ní ìkòkò wà lórí iná. Mo mọ̀ pé nígbà míì kò sí ìkòkò kankan lórí iná." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo ọkọ ìyàwó. "Ọmọ mi, n kò mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú ulé yìí lo ti fẹ́ mú ìyàwó, yára kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Ẹ̀yin olulé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Ọwọ́ Àǹtí Fúnkẹ́ fún tèmi débi pé ó dùn mí. Dádì Adó dìde láti dáhùn, ó wo bàbá rẹ̀ láàrin àwọn àna. Ó tún jókòó. Nígbà náà ni Yèyé ká aṣọ ìkélé sókè, ó jáde sí àárín àwọn ọkùnrin. Kò kúnlẹ̀. N kò rí i kó dúró gangan bẹ́ẹ̀ rí níwájú ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan obì inú àwo. Ó ní, "Àwa olulé gbọ́. A ti fún yín."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kì í sọ ti jáde, kò sì ṣeé gbé mì. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣáájú àwọn àna wo Yèyé, ó wo àga tó ṣófo, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí Bàbá wa tó dúró létí rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Mo rò pé yóò mú ọ̀pá rẹ̀ kó máa lọ. Ó ní, "Ìyá, a dúpẹ́. Ó ku ọ̀kan. Ìsí ni kí ọmọ wa dọ̀bálẹ̀ fún nínú ulé yìí?"

Yèyé ní, "Ẹni tó bá yín tọrọ rẹ̀ ni."

Bàbá àgbà náà mi orí. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó ní kí ọkọ ìyàwó àti gbogbo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ̀ lé wọn dìde, kí wọ́n yíjú sí àárín ara wọn, kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún baálé. Wọ́n sì dọ̀bálẹ̀, gbọọrọ, yí ẹsẹ̀ Bàbá ká. Bàbá wò wọ́n. Ó rí i pé àwọn ènìyàn òun ti wà nílẹ̀, pé òun nìkan ló dúró. Ó rọra tẹ orúnkún, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó kọjú sí Yèyé. Yèyé sáré kúnlẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, ó gbá a mú ní apá méjèèjì, àwọn méjèèjì sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, tọkọtaya arúgbó tí ọ̀kan kò mọ èkejì.

Àǹtí Fúnkẹ́ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó jáde. Kò dúró de ẹni tí yóò pè é. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Bàbá gbé ojú sókè, ó wo ojú rẹ̀ tó kún fún omijé, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ìwọ ni wọ́n fún wa?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn àna ń gbọ́, ó sún mọ́ etí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó bí ó ṣe rò, gbogbo wa ni a gbọ́ ọ. Ó ní, "Má sunkún. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ dáadáa níbẹ̀, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ní ulé ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣáà ti béèrè mi, ọmọdé á júwe ẹ̀ fún ọ."